Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: mo fẹ́ fi ẹ̀ka igi tútù ṣe férémù àwọ̀n ẹja

Alápọ́ńdì Ológunẹ̀rù
Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Pọ́ńdì tapólì méjì ni mo ní lẹ́yìnkùlé níbí ní Ológunẹ̀rù, n'Ìbàdàn, ẹja àrọ̀ ni mò ń sìn. Gbogbo àwọ̀n tí mo ti ń rà látọjọ́ yìí, férémù onírin ni wọ́n ní, kì í ju oṣù mẹ́rin lọ tó fi máa dípẹtà, ibi tí wọ́n ti wẹ́ẹ̀dì ẹ̀ á sì já. Èyí tó gbẹ̀yìn já lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rì sínú omi tòun tẹja tó wà nínú ẹ̀, èkù nìkan ló kù lọ́wọ́ mi, mo wá dúró ságbede pọ́ńdì bí ọba tó mú ọ̀pá àṣẹ dání. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹnu irin tó já yẹn tún lu tapólì mi, ilẹ̀ ló mu omi ibẹ̀ kó tó di pé mo mọ̀.

Mo wá ní kí n kúkú fi igi ṣe é fúnra mi. Mo gé ọparun gbígbẹ kan tó wà lẹ́yìn ilé, mo là á, bí mo ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́ báyìí, kọ́! Ó kán. Ẹnìkan ní igi tútù ni mi ò bá lò. Igi wo? Báwo lẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́? Báwo ló ṣe ń gbẹ tí kò fi ní na padà? Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n lọ ra tuntun, mo mọ ọ̀nà ọjà.

Jẹ́jẹ́ L'ayé
Ẹ lọ ra tuntun 😂

Káfíńtà Bódìjà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá Jẹ́jẹ́ lóhùn. Ohun tó ṣe ọparun yín ò ju pé ó ti gbẹ lọ. Omi tó wà nínú igi tútù ló ń jẹ́ kó gbọ́ràn síni lẹ́nu, tó bá ti gbẹ tán ìjà lẹ̀ ń bá a jà.

Ẹ wá ẹ̀ka tó ní pàlàká, irú èyí tá a fi ń ṣe kànnàkànnà nígbà tá a wà lọ́mọdé, àmọ́ kó gùn dáadáa. Ìdí ẹ̀ ló máa di èkù, ẹ̀ka méjèèjì lẹ máa tẹ̀ wá pàdé ara wọn tó máa di òrùka. Ẹyọ igi kan ni látòkè délẹ̀, kò sí ìṣó, kò sí wẹ́ẹ̀dì tó fẹ́ já.

Ẹ jẹ́ n bá yín ṣírò ẹ̀. Ká ní ẹnu àwọ̀n yín máa fẹ̀ tó íńṣì 15, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ nígbà 3.14, ó lé díẹ̀ ní íńṣì 47, ẹ pín in sí méjì, ìyẹn ni pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kẹ́ ẹ wá fi bí íńṣì mẹ́ta lé e torí ibi tí wọ́n ti máa gorí ara wọn. Kó nípọn tó àtàǹpàkò, kó má jù bẹ́ẹ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ nípọn dọ́gba o, mo bẹ̀ yín. Tí ọ̀kan bá nípọn ju ìkejì lọ, èyí tó tín-ín-rín nìkan ló máa tẹ̀, èyí tó sanra á dúró gbọin, òrùka yín á wá rí bí ẹyin tí ẹlẹ́yin jókòó lé.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà
Gúáfà. Ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn lọ. Ẹ lọ wo ewé gúáfà dáadáa, méjì méjì ló ń yọ, wọ́n á dojú kọra wọn, ẹ̀ka ẹ̀ náà bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì láti ojú kan náà, ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi rọrùn láti rí méjì tó jọra lára ẹ̀. Dóńgóyárò ò rí bẹ́ẹ̀, kaṣíà náà ò rí bẹ́ẹ̀, ewé tiwọn ń yọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, pàlàká wọn kì í dọ́gba. Tíìkì ń yọ méjì méjì lóòótọ́ àmọ́ ẹ̀ka ẹ̀ kékeré onígun mẹ́rin ni, àárín ẹ̀ sì rọ̀ bíi fóòmù, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ fún nǹkan báyìí.

Ẹ má sì lọ gé igi tí wàrà funfun ń tara ẹ̀ jáde tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n. Igi orò wà lára wọn. Àwọn kan máa ń da oje ẹ̀ sódò kí ẹja lè kú léfòó, ẹ̀yin wá fẹ́ máa fi kì í bọ pọ́ńdì tẹ́ ẹ fowó yín gbẹ́? Tó bá ta sójú yín pàápàá, ẹkún ni.

Ẹ má torí pé ilé yín ò jìnnà wọ inú igbó tó yí omi Ẹlẹ́yẹlé ká lọ gé igi o, igbó ìjọba ni. Ẹ tọrọ lọ́wọ́ ará àdúgbò yín tó fẹ́ gé gúáfà ẹ̀ kúrú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹja
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Nǹkan tí Káfíńtà ń sọ yìí, àwọn ará Jàpáàn ń ṣe é gan-an o, tamo lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń pẹja nínú odò kéékèèké orí òkè ló ń lò ó, tenkara ni wọ́n ń pe irú ẹja pípa bẹ́ẹ̀. Igi kan tí wọ́n ń pè ní kaya ni wọ́n fẹ́ràn jù, wọ́n á gé ibi tí ẹ̀ka méjì ti yọ lára ìtì kékeré, ìtì yẹn ló máa di èkù, wọ́n á tẹ̀ ẹ̀ka méjèèjì di òrùka, wọ́n á dì í mọ́lẹ̀ kó gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó so ẹnu ẹ̀ pọ̀. Òmíràn dán bíi gíláàsì. Tẹ́ ẹ bá kọ tenkara tamo sórí YouTube ẹ máa rí fídíò ẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo rí i ẹ̀rín pa mí ni, mo ní ṣèbí kànnàkànnà ńlá rèé.

Alápọ́ńdì Ológunẹ̀rù
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyá kan ládùúgbò fún mi ní ẹ̀ka gúáfà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí n sáà gbá ewé ẹ̀ kúrò nílẹ̀ ló kù. Mo gé méjì. Àkọ́kọ́ ti bà jẹ́ o. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ya láti pàlàká, ó ya dé àárín èkù, díẹ̀ ló kù kó yẹ́gẹ́ pátápátá. Ìkejì wà nínú omi, mi ò tíì fọwọ́ kàn án, ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ọmọ Apẹja Ẹlẹ́yẹlé
Ẹ̀gbọ́n mi, pàlàká ló máa ń dani. Gbogbo agbára tẹ́ ẹ̀ ń fi tẹ ẹ̀ka, ibẹ̀ ló ń lọ, bí ẹní fẹ́ ya egungun adìẹ ni. Kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ lọ bá fọkanáísà kẹ́ ẹ gba tíúbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ẹ ya á tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bẹ́líìtì, ẹ fi wé ìsàlẹ̀ pàlàká yẹn, ẹ fà á le kó máa dún kínkín, bí ìka mẹ́rin ni kẹ́ ẹ fi wé e. Ẹ ò gbọdọ̀ tú u títí igi á fi gbẹ.

Tẹ́ ẹ bá ṣèyẹn tán, ẹ se omi gbígbóná, ẹ wá àkísà nínípọn, ẹ rì í sínú ẹ̀, ẹ fi wé ẹ̀ka kan láti ìdí dé ọ̀nà àárín, ẹ tún máa da omi gbígbóná lé e. Ẹ fún un ní bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ wá jókòó, ẹ gbé ẹ̀ka sórí orúnkún, ẹ mú u pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì kí àtàǹpàkò yín wà lókè, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ sún un síwájú bí íńṣì kan, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ tún sún un. Ẹ má dúró lójú kan. Ojú kan tẹ́ ẹ bá dúró sí ló máa kán. Ẹ máa gbọ́ ohùn ẹ̀, tó bá ń ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ ẹ dúró, ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ simi, ẹ mu gàrí. Bàbá tó kọ́ mi kì í sọ̀rọ̀ rárá tó bá ń tẹ igi, tẹ́ ẹ bá kí i kò ní dáhùn, ẹ ó rò pé ó ń bínú.

Tí ìdí ẹ̀ka bá sanra jù, inú ni kẹ́ ẹ ti fi ọbẹ fá a, ìyẹn apá tó máa dojú kọ àárín òrùka. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ̀yìn yẹn ló ń nà tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá ti gé iṣan ibẹ̀ ó ti parí. Ẹ fi èèpo sílẹ̀ lára ẹ̀ náà.

Ìyá Ẹlẹ́ja Yíyan
Ẹ ò rí i, ọ̀rọ̀ tá à ń sọ látàárọ̀ kò ju òwe àwọn àgbà lọ: tútù là ń ká ẹja, tó bá gbẹ tán ó máa kán ni. Mo ti ń yan ẹja láti ọdún 1998, tá ò bá ká àrọ̀ mọ́ra lójú ẹsẹ̀ ká fi igi há a lẹ́nu mọ́ ìrù, tó bá ti wọ orí iná tán kò ṣeé ká mọ́. Igi yín náà nìyẹn. Ẹ ṣe wàhálà ẹ̀ lónìí, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la.

Káfíńtà Bódìjà
Màmá, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ ni.

Alápọ́ńdì, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ wá báàfù tàbí ìdérí nǹkan tó kéré díẹ̀ sí bí ẹ ṣe fẹ́ kí ẹnu àwọ̀n rí, torí igi máa na díẹ̀ padà tẹ́ ẹ bá tú u, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é. Ẹ dè é mọ́ ọn pẹ̀lú okùn. Tẹ́ ò bá ní báàfù tẹ́ ẹ lè yọ̀ǹda fún oṣù méjì, ẹ kan ìṣó yípo lórí pátákó, ẹ fi òrùka há sáàárín wọn. Ẹnu méjèèjì tó pàdé ara wọn, ẹ má tíì gé e, ẹ má tíì lẹ̀ ẹ́. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n gorí ara wọn, kẹ́ ẹ fi okùn dè é. Igi tútù máa ń sún kì tó bá ń gbẹ, tẹ́ ẹ bá so ó pọ̀ nísinsìnyí á ṣí sílẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ọyẹ́ yìí ń gba omi lára igi lójijì, ìta á ti gbẹ nígbà tí inú ṣì tutù, ó máa sán ni. Ẹ kun gbogbo ojú ibi tẹ́ ẹ gé pẹ̀lú ọ̀dà, ọ̀dà èyíkéyìí tó bá kù nílé, tàbí kẹ́ ẹ yọ́ àbẹ́là sí i, torí ẹnu ibẹ̀ lomi ti ń sá jáde jù. Ẹ wá gbé e sí òjìji, inú yàrá, kì í ṣe orí páànù ilé.

Ìyá Ẹlẹ́ja Yíyan
Tèmi ni pé kó gbé e sókè àjà ibi ìdáná. Èéfín ò jẹ́ kí kòkòrò fọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ ti rí ìgbákọ tàbí ọmọ orógùn ìyá yín àgbà tí kòkòrò jẹ rí? Ilé ìdáná ló wà láti ìgbà Awólọ́wọ̀.

Káfíńtà Bódìjà
Màmá, mi ò jiyàn, àmọ́ tó bá súnmọ́ iná jù ó máa sán. Kó jìnnà sókè, kó jẹ́ èéfín nìkan ló ń kàn án.

Ìyá Ẹlẹ́ja Yíyan
Ta ló sọ pé kó gbé e sínú iná? Mo ní àjà.

Jẹ́jẹ́ L'ayé
Ìjà ti dé, ẹ bá mi mú àga wá.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà
Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹ̀fun tín-ín-tín nílẹ̀ lábẹ́ igi yẹn lọ́jọ́ kan, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Èyí tẹ́ ẹ rì sómi yẹn, ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣe ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀ kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi ẹ̀, omi máa ń fa díẹ̀ jáde nínú nǹkan dídùn tí kòkòrò ń tìtorí ẹ̀ wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹja
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìwọ̀n tẹ́ ẹ fi ń wọn ẹja, àbí? Ẹ fi wọn igi yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá fúyẹ́ mọ́, ó ti gbẹ nìyẹn. Kò sí pé à ń méfò.

Alápọ́ńdì Ológunẹ̀rù
Ọpọlọ rèé! Mi ò ronú kàn án rárá. Mo ti tẹ ìkejì o, kò kán, kò ya, tíúbù yẹn ṣiṣẹ́. Gíráàmù 610 ló wọ̀n lónìí. Ibi tí mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ ti bó o, mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n wọ ṣòkòtò gígùn.

Ní ti àwọ̀n fúnra ẹ̀ ńkọ́? Mo ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n pín fún wa, kò tíì kúrò nínú ọ̀rá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹja
Ẹ MÁ LÒ Ó. Ẹ jọ̀ọ́. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pín yẹn, oògùn apakòkòrò wà lára ẹ̀, èèyàn ò ní kú sí i àmọ́ oró gidi ni fún ẹja. Mo fojú ara mi rí i níbi tí mo ti lọ kọ́ṣẹ́, ọ̀gá wa ní ká fi kó ọmọ ẹja láti inú àgbá kan sí òmíràn, tuntun ni, a ò fọ̀ ọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń yí bí ọtí bá ń pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ò rí àárọ̀. Ọ̀gá wa ò jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ Apẹja Ẹlẹ́yẹlé
Àrọ̀ ní ẹ̀gún lápá méjèèjì, ẹ mọ̀ ọ́n ju mi lọ. Tí ojú àwọ̀n bá fẹ̀, ẹ̀gún yẹn máa há síbẹ̀, ẹ ó máa já a títí ilẹ̀ á fi ṣú, ara ẹja á sì bó. Ẹ lo àwọ̀n tí ojú ẹ̀ kéré tí kò sì ní kókó. Àwọ̀n tó ní kókó máa ń bó ọ̀rinrin ara ẹja kúrò, ẹja tí ọ̀rinrin ara ẹ̀ bá ti bó, àìsàn ti rọ́nà wọlé. Àwọn tó ń ta oúnjẹ ẹja máa ń ní in.

Má fi àwọ̀n wé òrùka lásán o, torí ẹ̀yìn òrùka yẹn lá máa ha ilẹ̀ pọ́ńdì, láàárín oṣù kan okùn á ti já. Tí igi bá ti gbẹ tán, ẹ fi fáìlì fa ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yípo ẹ̀yìn òrùka, kẹ́ ẹ lu ihò kéékèèké sí i, okùn á wọnú ọ̀nà yẹn, ohunkóhun ò ní kàn án.

Alápọ́ńdì Ológunẹ̀rù
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti padà dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko. Gíráàmù 610 tó wọ̀n, ó lọ sílẹ̀ di 520 lọ́sẹ̀ kejì, ó di 450, 410, ó wá dúró sí 395, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lọ kò bọ̀. Ìdajì àkókò ni mo fi sí àjà, ìdajì ni mo fi sínú yàrá, kí n má bàa ṣẹ Màmá, kí n má ṣẹ Káfíńtà. Ó sán díẹ̀ nídìí èkù níbi tí ọ̀dà ò dé, kò ju ìbú èékánná lọ. Nígbà tí mo tú okùn, ó ṣí sílẹ̀ bí íńṣì kan péré, ó dúró.

Káfíńtà, èwo ni kí n fi lẹ ẹnu ẹ̀?

Káfíńtà Bódìjà
Ẹ káre! Ẹ gé ẹnu méjèèjì ní dagẹrẹ kí wọ́n lè sùn lé ara wọn, kì í ṣe kẹ́ ẹ gé e ní gbọọrọ kẹ́ ẹ fi orí kanrí. Tí igi bá nípọn tó ìdajì íńṣì, dagẹrẹ yẹn á tó íńṣì mẹ́ta sí mẹ́rin, bó bá ṣe gùn tó ló ṣe ń lágbára tó. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù funfun tá a fi ń lẹ àga, omi máa yọ́ ọ, mo ti fìyà ẹ̀ jẹ oníbàárà kan rí, n kì í fẹ́ rántí. Èyí tó ń wá ní túùbù méjì tẹ́ ẹ máa pò pọ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́, ẹ fi tíúbù kẹ̀kẹ́ yẹn náà wé e di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ wá fi tìwáìnì wé e mọ́ra pátápátá, kí wọ́n sùn ti ara wọn láìsí àlàfo. Èèpo lẹ máa kọ́kọ́ bó, kẹ́ ẹ fi sáńdípépà ra á, kẹ́ ẹ kun fáníìṣì lẹ́ẹ̀mẹta, kó gbẹ, kí òórùn ẹ̀ sì lọ pátápátá kẹ́ ẹ tó kì í bọ omi ẹja.

Alápọ́ńdì Ológunẹ̀rù
Ó ti parí o. Mo ti fi kó ẹja lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi sómi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó léfòó! Mo dúró tí mò ń wò ó bó ṣe ń léfòó. Irin ì bá ti wà nísàlẹ̀ tí mo máa máa fọwọ́ wá a láàárín ẹja. Kò sì ní ibi mímú kankan tó lè lu tapólì.

Wàhálà tó kù ni pé màmá mi wá kí wa láti Ọ̀jé lọ́jọ́ Sátidé. Oníbàárà dé láàárọ̀ àná pé òun fẹ́ kílò márùn-ún, mo wá àwọ̀n títí, mi ò rí i. Ìgbà tí mo gbọ́ tí nǹkan ń já bọ́ ní ẹ̀yìn ilé ni mo sáré lọ, màmá ló gorí àga, wọ́n fi àwọ̀n mi ń ká máńgòrò.

Jẹ́jẹ́ L'ayé
😂😂😂 Máńgòrò wo ni? Ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ ni àbí ṣẹ́rí?

Alápọ́ńdì Ológunẹ̀rù
Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Wọ́n ní àwọ̀n náà dáa o, àmọ́ èkù ẹ̀ ti kúrú jù, kí n lọ wá pàlàká tó gùn jù báyìí lọ.